Ìyàwó Tó Na Ìka sí Baba Ọkọ

Ohun tó wu ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí ẹ bá wọ yàrá Fortunée ní Ifangni, ẹ ò ní bá bàtà olówó ńlá níbẹ̀, ẹ ò sì ní bá àpótí aṣọ tó kún. Ẹ̀rọ sónó lẹ máa bá: àpótí ohùn tó ga dé èjìká èèyàn, wáyà tó lọ́ mọ́ra lábẹ́ fèrèsé, àti pílátìnì méjì tó fi ń yí orin, tó da aṣọ bò bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Ilẹ̀ tó bá kù ni òun fúnra rẹ̀ ń tẹ́ ẹní sí.

Orin háòsì ló mú un. Ìlù kan náà ni, gbì, gbì, gbì, gbì, tó ń lọ láìsinmi, tí ohùn mìíràn á yọ́ wọ inú rẹ̀, tí á tún yọ́ jáde. Ọmọ kékeré ló wà nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Igolo, lásìkò tí ìyá rẹ̀, kí Ọlọ́run ó tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ń ta búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ àjàgbé tó ń dúró de ìwé ní bodè. Awakọ̀ kan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, Fortunée sì dúró síbẹ̀ tàwo-tàwo lórí títí búrẹ́dì fi gbẹ nínú oòrùn. Ìyá nà án dáadáa lọ́jọ́ náà. Lílù náà kò ràn án rárá.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, kò sì tíì jáwọ́. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló ń ṣe ijó rẹ̀ nínú àgbàlá ilé ọtí kan ní Igolo. Orúkọ tó fún ijó náà ni Jó-Kílẹ̀-tó-Ṣú, nítorí àwọn alájàpá àti àwọn aláàárù tó fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè délé. Ọjọ́ Ajé kì í dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro. Òun ló ń lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri, òun ló ń bẹ àwọn ọlọ́kadà zémì kí wọ́n bá òun sọ fún èrò, òun náà ló ń dúró nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ń wá láti Daagbé, wọ́n ń wá láti Banigbé, àwọn mìíràn a tún ti Ìdíìrókò sọdá. Àwọn kan ní irú obìnrin wo ló ń ṣe díjéè. Augustin bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, a máa dá wọn lóhùn pé, "Bon, kò kúkú jí ti ẹnikẹ́ni."

Ibi ijó náà ni Ifáyẹmí ti yọjú. Epo pupa ló ń fún ní oko bàbá rẹ̀ ní Banigbé, tó ń fi alùpùpù gbé kẹ́ẹ̀gì wá sí Igolo. Ọjọ́ Àìkú kan ló kọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ohùn, kò jó, kò mì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dúró síbẹ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Fortunée kò lè mú un mọ́ra. Bó ti gbé orin gígùn kan sílẹ̀ kó máa lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Ọ̀gá, wọn kì í wá síbi ijó wá dúró bí òpó."

"Màdáámù, ẹ má bínú. Mò ń gbọ́ ni."

"Kí lẹ wá gbọ́ tí ẹsẹ̀ yín ò fi mì?"

Ó tọ́ka sí àpótí ohùn. "Orin yẹn kò yí padà," ó ní, "síbẹ̀ gbogbo ìgbà ló ń yí padà. Bí mo bá jó, mi ò ní mọ ibi tó ti yí."

Àwọn ọkùnrin ti sọ fún Fortunée rí pé ó lẹ́wà, àwọn kan sì ti ṣèlérí ilé àti mọ́tò. Kò sí èyí tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, orin tó kàn sì forí gbárí pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀ débi pé àwọn oníjó pariwo lé e lórí. Ifáyẹmí nìkan ni kò pariwo. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Wọ́n ń fẹ́ra wọn títí òjò ọdún náà fi dá. Kò pẹ́ tí Ifáyẹmí fi rán alárinà, Tàńtí Fúnláyọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣẹ́ owó ní bodè, obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ dì bí ẹni di ẹ̀kọ. Tàńtí wá kí Augustin, ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí. Ohun gbogbo ń lọ geerege.

Bàbá Ifáyẹmí ló wá ba nǹkan jẹ́, tàbí kẹ́ ẹ sọ pé Fortunée ni. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ dájọ́.

Ògúnlẹ́yẹ kò gba ọ̀rọ̀ alárinà gbọ́ bọ̀rọ̀. Ó ní ojú òun lòun máa fi rí ìyàwó ọmọ òun kí òun tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilé àna. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ agbádá funfun, ó gun zémì dé Igolo lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó gba àárín àwọn oníjó kọjá tìyìtìyì, ó sì dúró síwájú tábìlì díjéè.

Fortunée ti dé kásìkì tó fi ń gbọ́ orin mọ́ etí kan. Nínú etí yẹn, orin tó ń bọ̀ ń lù. Nínú èkejì, orin tó wà níta ń lù. Bí orin méjì bá fẹ́ pàdé, ìlù wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ara wọn, bí ẹsẹ̀ àwọn méjì tó jọ ru igi kan. Bí ọ̀kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, àwọn méjèèjì ṣubú nìyẹn. Ó ń wọ́ wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ di pọ̀, nígbà tó rí agbádá funfun nígun ojú, tó rí i pé ẹnu ń mì. Kò wo ojú ẹni náà. Ó na ìka kan sókè, bó ti máa ń nà án sí gbogbo ẹni tó bá wá béèrè orin: ẹ dúró ná.

Orin méjèèjì pàdé. Àgbàlá mì tìtì, gbogbo èèyàn hó yèè. Nígbà tó fi gbé ojú sókè pẹ̀lú ẹ̀rín, agbádá funfun ti ń jáde lẹ́nu géètì.

"Ta nìyẹn?" ó bi Ifáyẹmí, tó sáré dé pẹ̀lú ìpáyà.

"Bàbá mi ni," Ifáyẹmí ní. "Fortunée, bàbá mi lo na ìka sí."

Ọmọ Yorùbá ló bí i, kò sí ohun tó kù tó fẹ́ gbọ́. Ìyàwó tó yẹ kó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì ló na ìka sí baba ọkọ bí ẹni ń dá ọmọdé dúró.

Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, ó ti wà ní Banigbé. Ó ró ìró, ó wé gèlè, ó kúnlẹ̀ sí iwájú ilé lórí iyẹ̀pẹ̀, kò sì dìde. Ìyá Ifáyẹmí, Àjíkẹ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Nílé yẹn, bí Ògúnlẹ́yẹ bá ń sọ̀rọ̀, Àjíkẹ́ kì í sọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ forí jì mí," Fortunée ní. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Dìde," Ògúnlẹ́yẹ ní. Ohùn rẹ̀ kò le, èyí ló sì dẹ́rù bà á jù. "Àìmọ̀ ni, mo gbà. Mo ti forí jì ọ́. Ìka yẹn kọ́ ló ń dùn mí."

"Kí ló ń dùn yín, Bàbá?"

"Mo wo ojú rẹ lánàá. Mo dúró síwájú rẹ, o ò rí mi. Kì í ṣe èmi nìkan, o ò rí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń ké nílé ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ọkọ bá ń ṣàìsàn? Ìka yẹn náà lo máa nà sí wọn. Fi orin yẹn sílẹ̀, kó o wá di ọmọ mi. Bó ò bá lè fi í sílẹ̀, d'accord, máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nílé tèmi."

Fortunée dìde, ó kí wọn, ó jáde. Lórí zémì tó gbé e padà, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti sọ, ohun tó sì ń dẹ́rù bà á ni pé bóyá òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá náà. Ṣé òótọ́ ni pé òun kì í rí èèyàn? Ṣé obìnrin tó bá fẹ́ ohun kan tó báyìí, àyè ṣì kù lọ́kàn rẹ̀ fún ọkọ?

Ó dán an wò. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò ṣí ijó. Ó jókòó sórí ẹní ní yàrá, pílátìnì wà níwájú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹrù lásán ni. Ó ń gbọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tó ń gún iṣu lẹ́yìn ilé, odó ń dún gbì, gbì, ó sì rí i pé orí òun ti ń wá orin tí òun máa so mọ́ ọn. Ó bú sẹ́kún. Ó fẹ́ràn Ifáyẹmí débi pé ó ń dùn ún dé egungun. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa wọlé Ògúnlẹ́yẹ láìsí orin yìí, òun kò mọ irú èèyàn tó máa jẹ́.

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Ifáyẹmí. Ifáyẹmí kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fún mi láyè," ó ní. "Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú."

"Mi ò pè é ní burúkú. Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

"Ìwọ ni mo fẹ́."

"Èmi wo?"

Ó dákẹ́. Fortunée ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ìrònú. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ a máa ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Tàńtí Fúnláyọ̀ wọlé wẹ́rẹ́, ó ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ti parí o! Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà. Ẹ mú ọjọ́ ìdána."

Ọkàn Fortunée fò sókè. "Tàńtí, ó gbà? Pẹ̀lú orin mi?"

"Ọmọ yìí, mo ní ó gbà. Ṣé alárinà lo fẹ́ máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò? Lọ wá aṣọ tó o máa wọ̀, jọ̀ọ́."

Ó yẹ kó ti béèrè sí i. Ṣùgbọ́n ayọ̀ a máa di èèyàn létí.

Wọ́n mú ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láti òwúrọ̀ ni àgbàlá Augustin ti kún. Àwọn ará Banigbé gbé ẹrù wọlé: iṣu, epo, obì, orógbó, iyọ̀, aṣọ nínú àpótí tuntun. Ifáyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna, wọ́n gbé e dìde, ó jókòó. Wọ́n mú Fortunée jáde, wọ́n ṣí ìbòjú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín ìdílé méjèèjì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń ṣọ́ra kó má baà rẹ́rìn-ín jù.

Ògúnlẹ́yẹ dìde láti dúpẹ́. Ó kí Augustin, ó kí gbogbo ilé, ó wá yíjú sí Fortunée pẹ̀lú ẹ̀rín tòótọ́.

"Ọmọ mi, ìwọ ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù," ó ní. "Kò rọrùn kéèyàn fi ohun tó ń ṣe láti kékeré sílẹ̀. Nígbà tí Fúnláyọ̀ wá sọ fún mi pé o ti jáwọ́ nínú orin yẹn nítorí ilé wa, omi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Fortunée wo Tàńtí Fúnláyọ̀. Tàńtí ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, èyí tí kò bàjẹ́. Ó wo Ifáyẹmí. Ifáyẹmí ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ya Ifáyẹmí lẹ́nu.

Augustin sì ti dìde láti bi í léèrè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bi ọmọ, lójú gbogbo ayé, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹrù. Bó bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti di aya.

"Fortunée ọmọ mi, àwọn ará Banigbé gbé ẹrù dé. Ṣé ká gbà á?"

Kò dáhùn. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í yára dáhùn èkíní. "Ojú ń tì í!" wọ́n ní. Bó bá ní kí wọ́n gbà á, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba irọ́ náà wọlé. Bó bá ní kí wọ́n má gbà á, Ifáyẹmí lọ nìyẹn.

"Ṣé ká gbà á?" Augustin tún béèrè.

"Papa, ẹ dúró ná," ó ní. Ẹ̀rín dá. Ó yíjú sí Ògúnlẹ́yẹ. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mi ò fi orin sílẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti gbà mí pẹ̀lú rẹ̀ ni."

Ariwo sọ. Ògúnlẹ́yẹ yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Fúnláyọ̀?"

"Mais kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Tàńtí na ọwọ́ méjèèjì. "Alárinà tó bá ń ro gbogbo ohun tó gbọ́, ìyàwó wo ló máa gbé wọlé? Mo ní bí wọ́n bá ti fẹ́ra tán, ẹ̀yin méjèèjì á gbà fún ara yín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é!"

Fortunée kò gbọ́ èyí tó kù. Ọkùnrin rẹ̀ ló ń wò. "Ifáyẹmí, o mọ̀?"

"Mo mọ̀," Ifáyẹmí ní.

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n wá kúnlẹ̀ síbí."

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí mo bá sọ̀rọ̀, mo máa pàdánù ọ̀kan nínú yín."

"Ó tó," Ògúnlẹ́yẹ ní. "Ẹ gbé ẹrù wa. Ifáyẹmí, dìde, ká lọ."

Ifáyẹmí dìde. Fortunée di ojú rẹ̀, torí kò fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti ń lọ. Nígbà tó gbọ́ ohùn Ifáyẹmí, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń wá: ó ti dọ̀bálẹ̀, ó doríkọ bàbá tó bí i.

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, mi ò lọ," ó ní. "Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń dúró ti àpótí ohùn yẹn. Obìnrin tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́. Bí ẹ bá gba orin lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíì lẹ máa fi fún mi. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún yín tipẹ́. Mo ṣojo."

Ògúnlẹ́yẹ wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ká agbádá lé èjìká, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ síbi mọ́tò tó gbé wọn wá.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Ìdána wo ni wọ́n ń ṣe nígbà tí baba ọkọ ti jáde? Augustin bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Banigbé kan ti tẹ̀ ba ẹrù láti gbé e.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Àjíkẹ́ ni. Kò dìde lórí ẹní tó jókòó sí. "Papa Fortunée, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bi í. Ó ku ẹ̀kan."

"Ìyá," ẹnìkan ní pẹ̀lẹ́, "ọkọ yín ti jáde o."

"Mo rí i. Ojú mi ò fọ́." Ó wo Fortunée, bí ẹni pé òun àti ọmọ náà nìkan ló wà lágbàlá. "Lọ́jọ́ tèmi, wọn ò bi mí dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo dákẹ́ nígbà èkíní, mo tún dákẹ́ nígbà èkejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ní, 'Ó ti gbà.' Wọ́n gbé ẹrù wọlé. Títí dòní, mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ bi í. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Augustin yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fortunée, ọmọ mi. Ṣé ká gbà á?"

Fortunée wo ọkùnrin tó ṣì dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún òun, ọgbẹ́ yẹn kò ní san lónìí. Ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀ níbi tó le jù láti sọ ọ́, lójú ẹni tó bẹ̀rù jù. Ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ títí, àyà rẹ̀ sì balẹ̀ bó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

"Ẹ gbà á, Papa," ó ní. "Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹnìkan jáde lọ sọ fún bàbá ọkọ mi pé ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú. Mo máa ṣiṣẹ́."

Ta ló máa jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Àjíkẹ́ ti ń dìde. Ó bu oúnjẹ sínú àwo, ó fi ẹran sí i, ó dé e. "Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi," ó ní, ó sì gbé oúnjẹ náà, ó jáde lọ bá ọkọ rẹ̀.